Ẹ̀rí Ẹnu Lọ́yà Pamílẹ́rìn

"Ẹ dìde, Ìyá Tóyọ̀sí. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́." Lọ́yà Pamílẹ́rìn yíjú sí ògiri.

Sẹ̀kínát kò dìde. Pálọ̀ ilé bàbá Lọ́yà ni wọ́n wà ní Ìlobù, níbi tí ọkùnrin náà sá padà sí nígbà tí báǹkì gbẹ́sẹ̀ lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ní Òṣogbo. Ojú gbogbo ìlú ló ṣe dènìyàn. Lọ́jọ́ tó di lọ́yà, bọ́ọ̀sì méjì ló kún lọ sí Àbújá lọ bá a yọ̀. Kò pẹ́ tó fi di ẹni àpéwò. Ó joyè, àwọn adájọ́ ń jẹun nílé rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Sẹ̀kínát fi gbé ẹjọ́ tọ̀ ọ́ lọ nígbà tí Àṣírù ọkọ rẹ̀ kú, tí Jàlálù, àbúrò ọkọ, ní kó kó jáde nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ru yanrìn kọ́ ní Ìlobù. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, Lọ́yà pè é lórí fóònù: adájọ́ ò ní í jókòó, kó má wulẹ̀ wọkọ̀ wá. Adájọ́ jókòó o. Jàlálù ti rí Lọ́yà lábẹ́lẹ̀. Wọ́n pe orúkọ Sẹ̀kínát, kò sẹ́ni tó jẹ́. Agbẹjọ́rò tirẹ̀ gan-an ló dìde, tó ní ẹjọ́ ti sú obìnrin náà. Ìgbà tí àwọn akódà kóòtù ń da ẹrù rẹ̀ síta ló tó gbọ́. Ó ké tọ àwọn àgbààgbà lọ.

"Lọ́yà Pamílẹ́rìn kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Ẹ má ba ọmọlúàbí jẹ́."

Ẹkún opó kọ́ ló wó Lọ́yà. Ilẹ̀ kọngílá ńlá kan ló tà fún ẹlòmíràn, kọngílá yìí sì lẹ́nu lọ́dọ̀ ìjọba. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi yọ orúkọ Pamílẹ́rìn kúrò nínú àwọn lọ́yà. Nígbà tí Sẹ̀kínát gbọ́ ọ nínú rédíò, ó jó nínú yàrá tó háyà sí Ìfọ́n. Ó rò pé ilé ti bọ̀ nìyẹn. Àmọ́ kóòtù ní ọjọ́ ti lọ lórí ẹjọ́ náà, àfi bí lọ́yà rẹ̀ ìjọsí bá wá búra sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Mi ò wá bá yín jà," ni Sẹ̀kínát wí lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀ náà. "Ẹ ṣáà bá mi dé kóòtù, kí ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n má wá."

Pamílẹ́rìn mí kanlẹ̀. "Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á? Wọ́n ti ní òpùrọ́ ni mí."

"Ìgbà tí ẹ purọ́, ṣebí wọ́n gbà á."

Ó bá a lọ. Lórí àga ìdájọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń jẹun nílé rẹ̀ rí ló jókòó. Ó wo Pamílẹ́rìn láti òkè délẹ̀.

"Ta nìyí?"

Lọ́yà tó ń gbẹjọ́ rò fún Jàlálù dìde, ó ní òpùrọ́ tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn lọ́yà ni. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, wọn ò gba ẹ̀rí Pamílẹ́rìn, wọ́n da ẹ̀bẹ̀ Sẹ̀kínát nù.

Nígbà tí ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ ní Ìlobù, Sẹ̀kínát kò rántí pé Ìfọ́n ni òun ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń mú un lọ, títí ó fi bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé Àṣírù. Ọ̀dọ́mọbìnrin ayálégbé kan tó ń sáṣọ kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ẹ má bínú," ni Sẹ̀kínát wí. "Mo ṣìlé ni."