Ẹ̀rọ Tó Fi Gòjé Gunnvor Fún Òkú

Inú tó bí Gunnvor láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí èèyàn bá gbé ìkòkò lé e lórí, omi á hó, ẹran á jinná. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ́jú orin àtijọ́ ìpínlẹ̀ Telemark, àwọn àgbọ̀nrín inú igbó sì sá títí wọ́n fi dé òkun.

"Ta ló pè mí lólè?"

Eskil akọ̀wé gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jókòó ná, mà. Èmi kọ́, ẹ̀rọ ni."

Gunnvor ló gbé orin gòjé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àádọ́rùn-ún ọdún ìyá rẹ̀. Wọn ò tíì gé kéèkì tí ilé ìtọ́jú orin fi ní kí wọ́n yọ orin náà kúrò, pé ti Sigbjørn ni, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti kú. Orin tí Gunnvor fúnra rẹ̀ ta lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá!

"Ẹ̀rọ wa tó ń fi orin wé orin kì í ṣì í, mà. Ibi tí ohùn ti ga jù ló máa ń sàmì sí, àti àsìkò tó ga, bí ẹni ń ka orí òkè. Àmì tiyín àti ti Sigbjørn ò yàtọ̀ rárá."

"Ó mọ orin. Ta ló sọ ẹni tó ta á fún un?"

"Orúkọ ara páálí téèpù la kọ."

"Ta ló kọ ọ́ sára páálí?"

Eskil wo inú kọfí rẹ̀. "Sigbjørn."

"Ẹ ò rí i! Olè ya àmì sára àgùntàn mi, ẹ wá ń bi àgùntàn léèrè ẹni tó ni ín!"

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì kan jáde nínú àpò. "Tèmi gùn ju tiyín lọ. Fi sí i."

Gòjé ń dún, ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin ń lu pákó ilẹ̀ gbì, gbì. Ẹ̀rọ ní: ọ̀kan náà ni. Ibi tí tiwọn parí sí, ti Gunnvor ń bá a lọ. Ohùn obìnrin kan pariwo nínú kásẹ́ẹ̀tì náà: "Gunnvor! Fi gòjé yẹn sílẹ̀, àkàrà wáfù ń jóná!"

"Mo ń bọ̀, Màámi!"

Etí Eskil pọ́n bí ata. "A... a ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Bí oṣù mẹ́fà..."

"Ìyá mi ti pé àádọ́rùn-ún, o ń sọ oṣù mẹ́fà fún mi?" Gunnvor jókòó sórí tábìlì rẹ̀, tábìlì ké. "Pa orúkọ òkú yẹn rẹ́. Lójú mi báyìí."

Eskil pa á rẹ́, ó kọ orúkọ Gunnvor sí i. Gunnvor pe ìyá rẹ̀, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, orin náà dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí orin ti parí ni fóònù gbọ̀n, ìyá rẹ̀ ké:

"Gunnvor! Wáfù mẹ́jọ ló jóná lọ́jọ́ yẹn, o ò sì tíì bẹ̀ mí!"