Ohun Tí Ẹ̀rọ Náà Jù Sínú Apẹ̀rẹ̀

Gbàgà! Ariwo yẹn kò kúrò létí Bàbá láti ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn: kámẹ́rà ọ̀gá rẹ̀ tó já lulẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, tí dígí ojú rẹ̀ fọ́ yángá. Kódà láàárọ̀ yìí, bó ti jókòó sídìí tábìlì tó ń yẹ kámẹ́rà tuntun kan wò, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò kúrò lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun dání.

"Bàbá, ṣé kí n bá yín tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀ ni?" ọmọ rẹ̀ obìnrin béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá."

Ìwé ìròyìn kan ló gbé iṣẹ́ náà fún un, pé kó sọ fún òǹkàwé bóyá ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fídíò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí kámẹ́rà kékeré yìí. Ó ti kọ ọ́ pé òrùka tó ń mú kí àwòrán hàn kedere yí dáadáa, ó rọ̀ lọ́wọ́: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ibi tí wọ́n ti ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ni wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojúewé, kí èèyàn tó rí i, oòrùn á ti wọ̀: mẹ́rin. Ètò tí wọ́n fi ń gé fídíò, èyí tó bá kámẹ́rà náà wá, ló kù.

"Àbúrò yín fi ohùn ránṣẹ́ o," ọmọ náà wí, ó sì tẹ fóònù.

Ohùn àgbàlagbà kan jáde, ó ń gbọ̀n díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àtijọ́. Mo gbà. Èmi ni mo fọ́ kámẹ́rà yẹn. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká máa bára wa sọ̀rọ̀ kí ọ̀kan nínú wa tó lọ."

Bàbá lu itan rẹ̀ pàá. "Ṣé ẹ gbọ́ báyìí! Gbogbo yín ń sọ pé agídí ni mò ń ṣe!"

"Ẹ ó pè wọ́n?"

"Kó ṣì dúró ná. Mo dúró fún ọdún méjìdínlógójì, òun náà á dúró títí màá fi parí iṣẹ́."

"Òkúta á tètè gbẹ̀bẹ̀ jù yín lọ," ọmọ náà wí, ó sì jáde.

Síbẹ̀, inú Bàbá dùn. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan sórí fóònù: *Mo ti dárí jì ọ́.* Kò tíì fi í ránṣẹ́. Ó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ dúró díẹ̀ sí i.

Ní ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn, èjìká ni wọ́n ń gbé kámẹ́rà kọ́. Ẹ̀rọ tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀ nínú báàgì, okùn dúdú kan ló so wọ́n pọ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ogún ọdún, ló ń bá a gbé báàgì. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbàwé ẹ̀rí. Ó gbé kámẹ́rà sórí tábìlì, ó yíjú, ó gbọ́ gbàgà! Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ méjèèjì ló rí lára kámẹ́rà. Àbúrò ní òun kọ́. Ta ló fẹ́ gbà á gbọ́? Ọ̀gá lé ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì ju kásẹ́ẹ̀tì lù ú láyà: "Máa gbé e lọ, owó iṣẹ́ rẹ nìyẹn!" Òun náà sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ọjọ́ tó o bá jẹ́wọ́ la tó tún di ọmọ ìyá." Ló bá kúrò nílùú náà. Ìyá wọn bẹ̀ ẹ́ títí dọ́jọ́ ikú.

Kò wo kásẹ́ẹ̀tì yẹn rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì dà á sínú kọ̀ǹpútà. Òun ló wá fẹ́ fi dán ètò náà wò. Ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Bá Mi Ṣe É" sí. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ètò náà ti gé e, ó ti tò ó, ó ti fi orin sí i: ẹ̀rín, fìlà, ìwé ẹ̀rí. Ó mọ́ tónítóní. Gbogbo àwòrán tó mì tàbí tí kò lójú èèyàn nínú ló ti jù sínú apẹ̀rẹ̀ ìdànù.

Ẹni tó bá mọṣẹ́ yóò yẹ apẹ̀rẹ̀ náà wò. Ó ṣí i. Àwòrán ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kan wà níbẹ̀, kò sí ohun mìíràn. Ó yà á lẹ́nu. Ṣebí ó ti pa kámẹ́rà kó tó gbé e kalẹ̀? Àfi tó bá ṣe àṣìṣe tí oníkámẹ́rà ń ṣe: kó tẹ bọ́tìnnì pupa lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, kó rò pé ẹ̀rọ ti sùn, kí ẹ̀rọ sì wà lójúfò. Ohùn fídíò náà kò jáde. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, okùn yìí ti há mọ́ yín lẹ́sẹ̀ o."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ẹsẹ̀ kan gbéra, ẹsẹ̀ ṣòkòtò aláwọ̀ ilẹ̀ tí ìyá wọn fi òwú funfun rán etí rẹ̀. Okùn le tantan. Ọwọ́ méjì na wá láti gbá kámẹ́rà mú. Wọn ò tètè bá a. Gbàgà! Àwòrán di òkùnkùn, ohùn òun fúnra rẹ̀ sì ń pariwo: "O ti pa mí! Kí lo fọwọ́ kàn án fún?"

 Ó tún un wò. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. 

"Bàbá! Kí ló dé?" Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ariwo náà, ó sáré wọlé.

"Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ó ń dùn yín?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, ọmọ mi. Wò ó."

Ọmọ náà wò ó títí dé òpin.  "Kí ló wá dé tí bàbá kékeré fi ní àwọn làwọn fọ́ ọ?"

 Bàbá gbé fóònù. Ó bá pa *Mo ti dárí jì ọ́* rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, ó fi fídíò náà sí i, ó sì kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́ kó tó lè tún un rò:

*Àbúrò mi, gba ọ̀rọ̀ tó o sọ láàárọ̀ yìí padà. Wo fídíò yìí, ẹsẹ̀ tèmi ni. Ṣe ni ìwọ fẹ́ gbá a mú. Èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀. Bó o bá ṣì lè fara da ohùn mi, pè mí, mo jókòó ti fóònù.*