Ọsàn Tó Tú Àṣírí Ọkàn Mi

Láti ọjọ́ tí Wendell ti kọ́kọ́ gbé gìtá kọ́rùn nínú gbọ̀ngàn ijó wa ní San Fransísíkò ni ọkàn mi ti di tirẹ̀. Òun kò mọ̀. Èmi Trudy, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe níbẹ̀: màá da òróró àti aró sínú abọ́ gíláàsì, màá gbé e sórí iná tó ń ju àwòrán sára ògiri, màá máa mì í bí orin ṣe ń lọ, ògiri ẹ̀yìn àwọn olórin á sì di òdòdó tó ń yọ́. Àwọn tó bá ti lo ásíìdì, oògùn tó ń mú kí ojú rí ohun tí kò sí, máa ń sọ pé àlá àwọn gan-an ni mo yà síbẹ̀.

Ó di Sátidé kan. Lọ́jọ́ kejì ni Wendell àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí Niú Yọ́ọ̀kì, wọ́n sì lè má padà mọ́. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀ lónìí, ó parí nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń dán orin wò lọ́sàn-án, tí èmi náà ń dán iná mi wò, omi ọsàn kan ń lọ káàkiri nínú korobá. Láàárín wa, èèyàn kì í béèrè bóyá ásíìdì wà nínú irú rẹ̀. A máa ń mu ún ni, a ó sì máa retí. Mo gbé ife méjì mì káló.

"Trudy, rọra o!" Marcy ọ̀rẹ́ mi, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, pariwo. "Ṣé o fẹ́ lọ kí òṣùpá nílé ni?"

Kò pẹ́, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ìka mi di àwọ̀ àlùkò. Lyle onílù dì mọ́ sípíkà, ó ń sunkún: "Màmá mi, ẹ dárí jì mí!"

Ni ìtìjú mi bá fò lọ. Mo sáré gun orí pèpéle.

"Wendell, gbọ́ mi! Bí o bá ń ta gìtá yẹn, àfi bíi pé iṣan ọrùn mi lò ń ta. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ débi pé mo máa ń gbàgbé oúnjẹ. Imú rẹ tó wọ́ yẹn pàápàá, mo fẹ́ràn ẹ̀!"

Gìtá dákẹ́. Marcy bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin wèrè wọ̀nyí! Ọsàn lásán ni o! Èmi ni mo fún omi rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó máa gbé oògùn wá kò tíì jí!"

Lyle jáwọ́ lára sípíkà, ó nu ojú. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"O mọ kí ni?" Marcy nawọ́ sí sípíkà. "Ìyá ẹ ló ń wò ẹ́ yẹn!"

Mo wo ìka mi: aró ni. Mo wo ògiri: òróró tí mo fi ọwọ́ ara mi mì ni. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì.

Mo fẹ́ sá, Wendell di apá aṣọ mi mú. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn, ìwọ àbí ọsàn?"

"Ọsàn ni."

"Ó dáa. Ojú ẹ ti wá dá báyìí. Tún un sọ."

Mo kọjú sí i. Mo tún un sọ, láti orí gìtá títí dórí imú.

"Imú mi wọ́ lóòótọ́?"

"Díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi pọ́n. "Ta ni yóò wá máa tan iná fún wa ní Niú Yọ́ọ̀kì o?"

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń fi síkáàfù mi wé àwọn abọ́ gíláàsì kí wọ́n má baà fọ́ lọ́nà.

"Trudy!" Marcy ké. "Ijó ti alẹ́ òní ńkọ́?"