Géètì Ẹ̀yìn Ilé Ọnọ́rébù

"Ẹ yà fún un kó kọjá," ni ẹ̀gbọ́n obìnrin awakọ̀ tó ń bọ̀ wí, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Ìgbẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló fẹ́ lọ kó. Iṣẹ́ pàtàkì ni."

Àwọn obìnrin tó jókòó dí títì níwájú ilé Ọnọ́rébù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń ká ẹní wọn kúrò lọ́nà bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e lẹ́yìn. Èyí tó sanra jù nínú wọn fi ìborùn bo imú.

"Awakọ̀, ṣé ẹ máa ń kó tàwa náà, àbí tàwọn olówó nìkan lẹ̀ ń kó?"

Ọkùnrin náà yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. Òórùn-ò-pààyàn ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ohun tó kọ sẹ́yìn ọkọ̀ tó fi ń fa kòtò ìgbẹ́ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ tí wọn ò tíì fi iṣẹ́ náà ṣe lójú rẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó pọ̀n ọ́n dàgbà ń wo táyà ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo òkú ajá.

"Àǹtí mi, iṣẹ́ ni mo wá ṣe o."

"Ṣé mo bá ọ jà ni? Máa lọ."

Ọdún kẹta rèé tí Ọnọ́rébù fi ọkọ̀ pa ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin yìí bí, lẹ́bàá títì tọ́mọ náà ti ń dúró de ẹni tó máa mú un sọdá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á, gbogbo àdúgbò rí i, kò sì dúró. Láti ìgbà náà, bí adájọ́ ò bá ṣàìsàn, lọ́yà á rìnrìn àjò. Bí lọ́yà bá dé, wọn ò ní í rí fáìlì. Ọnọ́rébù ò fẹsẹ̀ kan kóòtù rí. Ìyá ọmọ ò bèèrè owó mọ́, kò sì retí ẹ̀wọ̀n mọ́. Ohun kan ló kù tó ń fẹ́: kí ọkùnrin náà dúró síwájú òun, kó wo òun lójú, kó pe orúkọ ọmọ òun. Ìdí tóun àtàwọn obìnrin àdúgbò fi wá jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Ṣùgbọ́n géètì ẹ̀yìn ni Ọnọ́rébù ń gbà jáde, tó ń gbà wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀.

Òórùn-ò-pààyàn wakọ̀ yí ògiri ká, ó fẹ̀yìn ọkọ̀ wọ géètì ẹ̀yìn. Inú géètì níbẹ̀ ni kòtò wà, ẹnu ọ̀nà náà sì há débi pé tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti wà láàárín òpó méjèèjì, ewúrẹ́ tó bá sanra ò lè kọjá. Òun gan-an, abẹ́ ọkọ̀ ló máa ń rá gbà wọlé. Ó pa ọkọ̀, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó rá wọlé, ó ṣí ìdérí kòtò. Ó ti kún dẹ́nu.

Ọnọ́rébù yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù létí, aṣọ funfun lọ́rùn, ó ń fọwọ́ dí imú.

"Ìwọ, ṣe kíá kí o gbé nǹkan yìí kúrò lọ́nà. Ọ̀sán yìí ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ fẹ́ fà mí kalẹ̀ fún ìbò. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú."

"Ẹ má bínú, sà. Àwọn tó wà níwájú ló dá mi dúró."

"Àwọn wọ̀nyẹn?" Ọnọ́rébù rẹ́rìn-ín. "Á sú wọn. Bó ṣe sú wọn ní kóòtù ló máa sú wọn níbí. Obìnrin yẹn ò tíì dàgbà púpọ̀, kó lọ bí òmíràn."

Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbé fóònù padà sétí, ó wọlé lọ.

Òórùn-ò-pààyàn dúró pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bínú. Ó ti ń bínú tipẹ́, àmọ́ ìbínú rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀, bí ọmọ tí wọ́n ti nà. Ó wá rántí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe máa ń bá gbogbo ẹni tó bá sọ pé ọkọ̀ bọ̀ọ̀dá òun ń rùn wọ̀yá ìjà. Kó lọ bí òmíràn. Ó ju rọ́bà sílẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó nawọ́ sórí kòtò, ó sì la ọwọ́, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sínú ìgbẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ tó dúró nítòsí lanu. "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ jù síbẹ̀ yẹn?"

"Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀? Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ?"

"Mi ò gbé e lọ síbì kankan. Ẹni tó bá ń kánjú, kó ká ọwọ́ aṣọ sókè, kó wá a. Nǹkan tara wọn náà ni, kò yẹ kó rí wọn lára."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn dànù. Ẹ̀rín fẹ́ pa ẹ̀ṣọ́, ẹ̀rù sì ń bà á. "Wọ́n á fọ́ ọkọ̀ yín o. Wọ́n á tì yín mọ́lé."

"Mo mọ̀. Òun náà ni mo fi ń jẹun, mi ò ní òmíì. Sọ fún ọ̀gá ẹ pé géètì iwájú wà níbẹ̀."

Ó rá gba abẹ́ ọkọ̀ jáde, ó fẹsẹ̀ rìn yí ògiri ká títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ròyìn ohun tó ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wojú rẹ̀.

"Ọkọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Àǹtí. Ibí nìkan ló kù tí Ọnọ́rébù lè gbà jáde."

Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ lẹ́yìnkùlé. Ẹnì kan ń ṣépè, ẹnì kan ń bèèrè igi gígùn. Nígbà tó yá, ariwo náà rọlẹ̀, irin géètì iwájú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Obìnrin tó sanra yẹn bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta.

"Sọ ọ́ sílẹ̀," ni ìyá ọmọ wí. "Tó bá fara pa, ilé ìwòsàn ni wọ́n á gbé e lọ. Mi ò fẹ́ kó rí ibì kankan lọ."

Géètì ṣí. Ọkọ̀ dúdú kan yọrí jáde, tuntun. Ọnọ́rébù ti ta ti àtijọ́. Ìyá ọmọ so ìró rẹ̀ le, ó rìn lọ bá a, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ìdérí ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ Ọnọ́rébù fun fèrè. Òórùn-ò-pààyàn lọ dúró tì í, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà lé e, ìdọ̀tí abẹ́ ọkọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn yòókù dìde, wọ́n tò sẹ́yìn wọn.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni ìyá ọmọ wí fún Ọnọ́rébù tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ ga.