Màámi Dirun fún Jìtá Mi

Ṣadé, àbúrò mi, mo lálàá màmá wa tó kú. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ki orí jìtá mi sáàárín orúnkún wọn, wọ́n ń fi òòyà ya wáyà inú rẹ̀ bí irun.

Mo ní, "Màámi, n ò mọ bí mo ṣe máa so wáyà píkọ́ọ̀pù méjèèjì tó ń gba ohùn okùn rẹ̀."

Wọ́n ní, "Di ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó o wá kó wọn pọ̀ ní ìpàkọ́. Wọ́n á lè dá kọrin, wọ́n á sì lè jọ kọ ọ́."

Jìtá ń sunkún. Wọ́n gbá a léjìká: "Gbórí sókè, ó ku díẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dì í tán, jìtá kúnlẹ̀, ó fi ohùn tèmi àti tìẹ sọ ọ́ pọ̀: "Ẹ ṣé, Màámi."

Ni mo bá jí.