Àyè Ìka Kan

Owú ni. N kò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá Gbádé, olórí ẹ̀ka wa, ti sọ pé àyè ẹyọ kan ló wà fún kọ́ọ̀sì olóṣù mẹ́fà ní Kàdúná, tó sì wo Ṣùbòmí kó tó wò mí, ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń so hẹlikọ́pítà mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun òfurufú. Ṣùbòmí kò tíì lo ọdún méjì. Èmi Teslim ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Kí ni ọ̀bọ fi ṣorí tí ìnàkí ò ṣe?

Ó mọ̀ ọ́n kí, ó mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo ohun tí ènìyàn bá sì sọ ló máa ń kọ sínú ìwé kékeré kan bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ìwé yẹn gan-an máa ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹrin, wọ́n gbé hẹlikọ́pítà méjì wá sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Surulere kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wò wọ́n. Ọ̀gá ní kí èmi so ọ̀kan, kí Ṣùbòmí so èkejì. Kò sọ pé ìdánwò ni, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Bẹ́líìtì tí a máa ń lò kò tẹ̀lé wa wá, ni wọ́n bá ra okùn ọ̀gbọ̀ fún wa ní ọjà Oto.

A kọ imú ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, a fi igi há táyà, a kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ohun tó kù ni ká fi okùn fa àwọn abẹ̀bẹ̀ gígùn tó wà lórí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí ìjì má baà fi wọ́n ṣeré. Mo tètè parí tèmi, mo lọ yẹ ti Ṣùbòmí wò. Inú mi dùn sí ohun tí mo rí. Gbogbo okùn rẹ̀ ló dẹ̀, bíi fífẹ̀ ìka kan. Ó dúró, ó ń wo ojú mi. N kò sọ nǹkan kan.

Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀sà. Mo ní kó rọ̀, kí ojú ti ọmọ yìí níwájú Ọ̀gá. Mo padà sídìí tèmi, mo tún fa okùn náà le, ó le débi pé tí ènìyàn bá ta á, ó ń dún. Mo fẹ́ kí Ọ̀gá rí ìyàtọ̀.

Ó tó wákàtí méjì kí òjò náà tó dá. Èmi ni mo kọ́kọ́ sáré jáde. Ti Ṣùbòmí dúró digbí. Okùn rẹ̀ ti súnkì, ó sì ṣe wẹ́kú. Tèmi náà ti súnkì. Ó ti fa abẹ̀bẹ̀ kan wálẹ̀ kọjá ohun tó lè gbà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti là. Bàbá mi jẹ́ apẹja Ìlàjẹ ní Makoko. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ̀ pé okùn ọ̀gbọ̀ máa ń súnkì tó bá mumi. Owú ló gbà á lọ́kàn mi.

Ọ̀gá Gbádé yí hẹlikọ́pítà méjèèjì po, ó wá bi Ṣùbòmí pé ta ló kọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n Teslim ni, sà. Ọjọ́ kejì tí mo débí ni."

Ó yọ ìwé kékeré rẹ̀. Ọ̀gá kà á síta pé tó bá jẹ́ okùn ọ̀gbọ̀ ni, kí ó fi àyè ìka kan sílẹ̀ nítorí òjò, ó wá bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Kò bú mi. Ó kàn ní hẹlikọ́pítà tèmi kò ní lè fò padà sílé, kí Ṣùbòmí sì lọ múra Kàdúná.

Nígbà tí Ọ̀gá lọ, Ṣùbòmí wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bá mi tú okùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀rù okùn yẹn bà mí láàárọ̀ o, torí bẹ́líìtì la máa ń yúùsì. Àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ wò ó tẹ́ ò sọ nǹkan kan, ọkàn mi balẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá ṣì í, ẹ máa sọ fún mi."

Mo tẹrí mọ́ ìdí èèkàn, mo ń tú kókó tí mo ta fúnra mi. Kò tú. Mo ní kó bá mi mú ọ̀bẹ wá.