Gílóòbù Tó Wà Nínú Agolo Bọ́tìnnì

Ó tún ti béèrè. Ẹ̀ẹ̀kẹta lónìí nìyẹn. "Màmá, ta ló ṣí ẹ̀yìn rédíògíráàmù yìí gbẹ̀yìn?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ó ti pẹ́. Mo wá sáré wọ kíṣìnnì bí ẹni pé omi ń hó lórí iná, kò sì sí nǹkan kan lórí iná.

Ife tó mọ́ ni mò ń fọ̀ yìí.

Ọmọ mi àgbà ló kúnlẹ̀ ní pálọ̀ yẹn, tòun ti ewú lórí, ó ń tún ẹ̀rọ orin bàbá ẹ̀ ṣe. Àpótí onígi tó gùn bíi bẹ́ǹṣì, rédíò lápá kan, ibi àwo orin lápá kejì. Àádọ́ta ọdún rèé tí kò ti fọhùn, fọ́tò la kàn ń tò sórí ẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti ń bá a fà á. Ó ti ha gíríìsì tó gan paali kúrò lára irin tó ń sọ àwo kalẹ̀, ó ti fi òjé jó wáyà tó já. Gbogbo ilé ń rùn. Ìyàwó ẹ̀ ní, "Dádì, ṣé ilé Màmá lẹ fẹ́ sọ di ṣọ́ọ̀bù rédíò ni?" Òun náà ní, "Kọ́sítọ́mà mi, ẹ padà wá ní Fúráìdè." A jọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀. "Kò jó o. Ọ̀kan nínú àwọn gílóòbù tó ń mú un fọhùn ni ò sí níbẹ̀. Ẹnìkan ló fọwọ́ yọ ọ́."

Ẹnìkan...

Ó wà nínú agolo bọ́tìnnì mi, lábẹ́ òwú dúdú, mo fi àkísà wé e. Ilé mẹ́ta la ti kó kúrò — mo sọ bẹ́ẹ̀dì nù, mo sọ ìkòkò nù — agolo yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gbé e. Kí ni mò ń tọ́jú ẹ̀ fún?

Mi ò gbèrò ìkà o. Ẹ̀rọ tí bàbá wọn ní tẹ́lẹ̀, àwo kan ṣoṣo ló ń gbà. Tó bá ti tán, á dìde lọ pààrọ̀ ẹ̀, á yà sí kíṣìnnì, á ní, "Ìyá ọmọ mi, kí lò ń sè?" Ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta. Tèmi nìyẹn. Àfìgbà tí èyí dé, tó ń fúnra ẹ̀ pààrọ̀. Àwo mẹ́fà lórí ara wọn. Ọ̀kan á tán, apá á gbéra, òmíràn á já bọ́ — pàà! — orin á tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ò dìde mọ́. Àárín orin méjì ni mò ń ráyè sọ̀rọ̀. Ara ọmọ gbóná láti àárọ̀, mo ní... pàà. Mi ò sọ ọ́ tán.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni. Bàbá wọn sin àlejò jáde. Mo kiwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, mo fa gílóòbù tọ́wọ́ mi kọ́kọ́ bà yọ. Gbígbóná! Mo tì í bọ inú ìgbànú mi. Mo ní di ọ̀la péré ni. Kí n ṣáà rí ìrọ̀lẹ́ kan.

Ó wọlé, ó tan án, kò dún. Ta ló sì máa ń yọjú wo ẹ̀yìn ẹ̀, tó máa ń ní iná ibẹ̀ dà bí ilé tí wọ́n ń retí àlejò? Ọmọ mi àgbà yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. "Èmi kọ́ o, Bàámi! Èmi kọ́!" Ìgbátí méjì. Ó ní kò gbọdọ̀ wọ pálọ̀ mọ́. Ó ní òun ò ní tún un ṣe láé, kó máa wà bẹ́ẹ̀, kójú máa ti ẹni tó bà á jẹ́. Èmi sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, gílóòbù yẹn ń jó mi níkùn.

Mo ní lọ́la ni n ó sọ. Lọ́jọ́ kejì, bàbá wọn wá jókòó tì mí, ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà, ó ń sọ̀rọ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ mi gan-an.

Bàbá wọn ti kú. Ta ló kù tó máa bá mi jà? Ọmọ yìí ò lè jà. Á ní, "Háà, Màmá, ẹ̀yin náà!" Á gbà á lọ́wọ́ mi, á fi síbẹ̀, ó parí. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni pálọ̀. Kí ló wá dé tẹ́sẹ̀ mi ò gbé?

Ohun tó sọ fún ìyàwó ẹ̀ lánàá ni. Ó rò pé mo ti sùn lórí àga. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n nà mí torí nǹkan yìí, Màmá nìkan ló gbà mí gbọ́. Wọ́n wá bá mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní, 'Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́.' Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé ara lé títí dòní."

Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbá a mọ́ra, ó ń sunkún. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo gbà á sí — torí gílóòbù wà lápá ọ̀tún.

Ìyẹn ló fi ń pè mí láràárọ̀ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló fi kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Ó rò pé mo gbà á gbọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Mi ò tiẹ̀ fìgbà kankan ní láti gbà á gbọ́.

Mo kàn mọ̀ ni.